Bí ẹ ṣe lè gbé oúnjẹ tó ṣẹ́kù dé ilé ẹni tí ebi ń pa ní Ìbàdàn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí oúnjẹ ṣe ń ṣòfò nílùú yìí, ẹ lọ dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìnáwó ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ti ń kó àga, àwọn onílù ti lọ, ìkòkò ìrẹsì méjì ṣì wà nílẹ̀ tí ìgbakọ ò tíì kàn. Ẹ ti ibẹ̀ gba Fókò tàbí Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun kọjá lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ ó bá ìyá tó ń pín gàrí ife kan fún ọmọ mẹ́rin.

Ọdún 2020 tí kòrónà dé, tí kónílé-ó-gbélé wà lálaalẹ́, ni èmi àti àwọn mélòó kan ládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tí kò sí. Nígbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ jọ gbéra, iṣẹ́ náà di ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ kọ bí a ṣe ń ṣe é síbí, kí ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò yín. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ohun kan: oúnjẹ ni kó máa wá èèyàn lọ sílé, kí èèyàn má máa wá oúnjẹ jáde síta.

Ẹ kọ orúkọ ilé kẹ́ ẹ tó wá oúnjẹ

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ wá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó bá dé ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó mọ ibi tó ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ló máa parí sí.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ mú àdúgbò kan ṣoṣo, ẹ fi ogún ilé bẹ̀rẹ̀. Ní àárín ìlú, láti Màpó dé Bẹẹrẹ, Ọjà-Ọba, Kúdẹtì, Òde-Ajé, agbo ilé ni ìlú, mọ́gàjí tó jẹ́ olórí rẹ̀ ló sì mọ agbo ilé. Ẹ lọ kí i láàárọ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ kedere pé ẹ kì í ṣe olóṣèlú, pé ẹ ò ní béèrè káàdì ìdìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má fo ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn èèyàn ti gba àpò ìrẹsì tí àwòrán ojú èèyàn wà lára rẹ̀ rí, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n bi wọ́n lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí mọ́gàjí bá dá nìkan kò tó. Ayálégbé kì í sí nínú ìtàn agbo ilé, àlejò tó wá ṣiṣẹ́ lébìrà láti ọ̀nà jíjìn kò ní mọ́gàjí kankan níbí. Ẹ bi ìyá alákàrà tó wà lójú títì. Òun ló mọ ẹni tó máa ń ra àkàrà fún gbogbo ilé tẹ́lẹ̀, tó wá di pé ti àbíkẹ́yìn nìkan ló ń rà. Ẹ bi ẹni tó ń ta ògì láwìn. Ẹ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ní kó dárúkọ aláìsàn kankan fún yín. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó fún ìyá ọlọ́mọ tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba bẹ́ẹ̀, kí ìyá náà fúnra rẹ̀ pè yín.

Àwọn tí mo máa ń wá lójú méjèèjì ni àwọn tí ẹ bá béèrè àlàáfíà wọn, tí wọ́n á ní "A dúpẹ́ o," tí wọn ò sì ní sọ kọjá bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì jáde. Télọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbé aṣọ wá fún mọ́. Opó tó ṣì ń lọ aṣọ ọmọ rẹ̀ dáadáa kó tó rán an lọ síléèwé. Ìtìjú ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sínú ilé, wọn ò sì ní tò sórí ìlà láéláé.

Kí ilé kan tó wọ inú ìwé yín, ẹni méjì tí ọ̀kan ò mọ̀ pé ẹ bi èkejì gbọ́dọ̀ ti dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye ẹnu tó wà nílé náà, bóyá ọmọ ọwọ́ wà ńbẹ̀, bóyá ẹnì kan ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí wọ́n fi ń dáná, àti ẹni tó máa ń wà nílé nírọ̀lẹ́. Ẹ má kọ ìtàn ìṣẹ́ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Bí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la, kò gbọdọ̀ sí ohun tí wọ́n lè fi bú èèyàn nínú rẹ̀.

Ibi tí oúnjẹ wà àti bí a ṣe ń béèrè rẹ̀

Ọjà ni mo fẹ́ràn jù, nítorí oúnjẹ tútù kì í le bí oúnjẹ sísè. Tòmátò àti ata tó ń ti òkè Ọya wọ Ṣáṣá àti Bódìjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọn ò bá rí tà, ẹ̀ṣà ni, lọ́jọ́ kejì ààtàn ló ń lọ. Iṣu tó fara bó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, ewébẹ̀ tí oòrùn ti pa, gbogbo wọn ṣì lè di oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má lọ béèrè nǹkan ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò láàárọ̀ kó tó rí àkọ́tà. Kò sí oníṣòwò tí inú rẹ̀ máa dùn sí i. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí òun náà ti ń wo ọjà tó kù nílẹ̀, tó ń ro owó ọkọ̀ tó máa fi gbé e lọ sílé. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọjú sí ìyálọ́jà. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ẹ ti wọ ìsọ̀ bí ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ṣáṣá, Yorùbá àti Hausa ló jọ ń ná ọjà ibẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ẹ kí àwọn olórí ìhà méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ má gba ọ̀dọ̀ ìhà kan wọlé kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ má ní "Ẹ fún wa ní nǹkan." Ẹ sọ iye, ẹ sọ ibi tó ń lọ: "Màmá, ilé méjìlá la ní ní Yemẹtù. Èyí tí kò ní lè dé òwúrọ̀ ọ̀la lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e báyìí." Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ dúpẹ́, ẹ ra ata díẹ̀ lọ́wọ́ wọn bí agbára bá wà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn ò ní gbàgbé ojú yín.

Ní ilé ìṣebúrẹ́dì, ẹ béèrè búrẹ́dì tó padà láti ọwọ́ àwọn tó ń pín in, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà á. Ní oko adìyẹ, ẹyin tó sán díẹ̀ máa ń pọ̀. Èyí tó bá ti ń jò, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí kò jò, kí wọ́n sè é kó jinná dénú lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti òde ìnáwó, ẹni tó ni ìnáwó ló ni oúnjẹ, alásè kọ́. Ẹ bá onínàáwó sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó wá fi yín han alásè. Àwọn tó bá alásè ṣiṣẹ́ máa ń gbé díẹ̀ lọ sílé. Ẹ má bá wọn jà sí i, àwọn náà ní ọmọ nílé.

Àṣẹ́kù kì í ṣe àjẹkù

Oúnjẹ tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò, tí wọn ò tíì bù fún ẹnikẹ́ni, àṣẹ́kù ni. Èyí tí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn nínú abọ́ rẹ̀, àjẹkù ni, ajá ló ni ín. Àwa kì í gbé àjẹkù fún èèyàn, bó ti wù kí ebi pọ̀ tó, bó ti wù kí ẹran tó wà nínú rẹ̀ tóbi tó. Ẹ wí i fún alásè ṣáájú, kó má da méjèèjì pọ̀ sínú abọ́ ńlá kan lẹ́yìn òde.

Ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi alásè ni: "Aago mélòó lẹ sọ ọ́ kalẹ̀?" Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ láìsí nínú fíríìjì, àti pé èyí tí a bá fẹ́ kó gbóná títí tí a ó fi jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gbóná ju 60°C lọ. Ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná, kó ṣí ìdérí kúlà: ooru gbọ́dọ̀ rú sí i lójú. Pẹ̀lú oòrùn ìlú yìí, wákàtí kan ni èmi máa ń kà fún oúnjẹ tó ti wà nílẹ̀ láìsí lórí iná. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé mo ti le jù.

Ìrẹsì ló ń tan èèyàn jẹ jùlọ. Kòkòrò àìfojúrí kan máa ń wà lára rẹ̀ tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, kòkòrò yẹn á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé tí gbígbé e padà sórí iná kò lè mú kúrò. Kò ní kan, kò ní rùn. Ìkòkò ńlá tí wọ́n dé pa látàárọ̀ ló léwu jù, nítorí ó ń pẹ́ kó tó tutù láàárín.

Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti sàláàdì tí wọ́n ti po kírìmù mọ́, a kì í gbà á mọ́. Ó máa ń dùn mí, torí kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ iyì gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n ní ọdún àkọ́kọ́, a gbé mọ́ínmọ́ín ọgọ́rin lọ sí ilé mẹ́tàlá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró lọ́nà, ìgbà tí a fi débẹ̀ ó ti ń fà bí okùn. Bàbá àgbàlagbà kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó súre fún mi tìyanu-tìyanu, kí n tó ṣí ọ̀kan wò. Mo ní láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe irú ìyẹn láéláé.

Tòmátò tó rọ̀ dára. Tòmátò tó ti bu, tó hu funfun tàbí dúdú, ẹ dà á nù pátápátá, ẹ má gé apá kan kúrò. Ọ̀nà tó dára jù ni kẹ́ ẹ ní ìyá méjì tí yóò lọ̀ ọ́, tí yóò sè é gbẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó di ohun tí ẹ ń gbé kiri. Èlùbọ́, àgbàdo àti ẹ̀pà tí omi kàn tó sì bu, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà nínú rẹ̀, iná kì í pa á. Ìrẹsì tútù tó ní kòkòrò tí ojú ń rí kì í ṣe ìṣòro: ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sá a. Ẹ̀wà tó bá ń rùn bí oògùn ẹ̀fọn, ẹ má gbà á, bó ṣe àpò kan. NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kó má baà jù, fífọ̀ nìkan ò sì tó.

Dídì

Ẹ fi ẹnu pín in, ẹ má fi ilé pín in. Bí ẹ bá ní kóńgò ìrẹsì 20, tí ilé méjìlá yín sì ní ẹnu 58, kóńgò kan fún ẹnu mẹ́ta ni, ó sì tún kù díẹ̀. Kóńgò ọjà kì í dọ́gba, nítorí náà ẹ fi ẹyọ kan tí ó jẹ́ tiyín wọn àpò náà tán kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi oúnjẹ sínú ọ̀rá funfun tó mọ́, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rá dúdú bò ó lóde, kí aládùúgbò má baà mọ ohun tó wọlé. Ìyá kan sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ẹ̀wà tí a gbé wá dára, ṣùgbọ́n òun ò ní èédú tí òun máa fi sè é. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rá èédú kékeré ti ń bá ẹ̀wà rìn. Iyọ̀ àti ìgò epo pupa kékeré náà, bí ó bá ṣeé ṣe.

Láti orí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà

Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ṣí bùútù ọkọ̀ sílẹ̀ ní oríta kan, a ní kí àwọn èèyàn tò. Àárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèyàn ti di igba, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fò kọjá lórí àwọn àgbà, ìyá àgbàlagbà kan sì ṣubú. Wọ́n gbé e dìde, kò fara pa púpọ̀. Àpò méjì tó gbà ni wọ́n já gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá àwọn ọmọdé ní Baṣọ̀run, níbí nínú Ìbàdàn. Ọjọ́ 21 oṣù náà, àwọn mìíràn tún kú ní Òkìjà ní Ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti lọ gba oúnjẹ. Àwọn tó pè wọ́n kò fẹ́ ibi fún wọn. Èrò ló pọ̀, ẹnu ọ̀nà ló kéré, ebi ló sì pẹ́ nínú. Nítorí náà: ẹ má kéde, ẹ má fi sí orí rédíò, ẹ má fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò pé oúnjẹ ń bọ̀. Bí èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ yí ọkọ̀ yín ká, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ máa lọ, ẹ padà wá ní ọjọ́ mìíràn láti ọ̀nà mìíràn.

Kórópe kan tí ẹ bá háyà fún wákàtí méjì sàn ju Micra mẹ́ta lọ. Ẹ to àwọn ilé sí ìlà kan kí awakọ̀ má baà lọ síwá sẹ́yìn, torí epo ló ń jẹ owó iṣẹ́ yìí jù. Ní àárín ìlú, ọkọ̀ ò ní dé ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ gbé e sí ojú títì kẹ́ ẹ fi orí ru ìyókù, tàbí kẹ́ ẹ wá ọmọ oníbárò kan tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ilé mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà ti tó. Kí ẹni méjì máa lọ pọ̀, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kẹ́ ẹ sì ti parí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ kí wọn bí ọmọ ilé ṣe ń kí ará ilé. "Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ kú ojú ọjọ́ yìí o. Wọ́n ní ká fi èyí jíṣẹ́ fún yín." Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ sísè, ẹ sọ aago tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jẹ ẹ́ báyìí, kí wọ́n má fi í pamọ́ di ọ̀la. Ẹ má wọlé bí wọn ò bá ní kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ má ní kí wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́, bí ó bá sì jẹ́ àgbà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kúnlẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò. Bí ẹni tó fún yín lóúnjẹ bá ń béèrè fọ́tò, ẹ ya ti ìkòkò kẹ́ ẹ tó gbéra, tàbí ti àwọn ọ̀rá tí ẹ tò kalẹ̀. Mo ti pàdánù olówó méjì nítorí èyí, mo sì tún lè pàdánù ẹ̀kẹta.

Aládùúgbò kan á béèrè, "Ṣé tiwa ò sí ńbẹ̀ ni?" Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ gba orúkọ rẹ̀, ẹ ní ẹ ó padà wá, kẹ́ ẹ sì padà lọ bi ìyá alákàrà.

Bí omi bá ya wọlé

Ìbàdàn mọ omíyalé. Àwọn òbí wa ṣì ń sọ ti Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ojú àwa náà rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí afárá wó tí ìhà kan ò lè dé ìhà kejì. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí a ń gbé yí padà. Kò sí iná, kò sí ìkòkò, omi kànga ti dọ̀tí. Búrẹ́dì, ẹyin sísè, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi inú ọ̀rá ló yẹ. Gàrí dára bí ẹ bá gbé omi mímu mọ́ ọn, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, omi àgbàrá ni wọ́n máa fi mu ún. Oúnjẹ tí omi àgbàrá kàn, bó wà nínú àpò tí wọ́n rán pa, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní ẹnì kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan odò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí lọ́jọ́ náà ẹ lè má rọ́nà kọjá.

Lálẹ́, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo kúlà, ẹ dojú wọn dé kí wọ́n gbẹ. Kẹ́ ẹ kọ ilé tí ẹ dé àti ohun tí ẹ gbé sílẹ̀ sínú ìwé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pe ilé mẹ́ta nínú àwọn tó gba oúnjẹ sísè. Ẹ kí wọn, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe sùn, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé: "Ṣé inú ò run ẹnikẹ́ni?"